Dátọ́ọ̀nù Bàbá Gun Tírélà

Lọ́wọ́ Súbérù ní Adétà ni mo ti háyà tírélà náà,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lóòjọ́,
kí n dá a padà kí wọ́n tó kírun ìṣáì.
Ó fẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó ṣeé gbọ́kàn lé."
Ó fi ìkọ́ irin hàn mí, ó fi ṣéènì hàn mí,
ó fi okùn iná ẹ̀yìn hàn mí.
Ohun tí kò sọ fún mi ni pé
bí mo bá ń rìfáàsì, tí mo yí ọwọ́ sọ́tùn-ún,
òsì ni yóò gbà lọ,
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó ń fi èjìká dáhùn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ Bàbá ti wà lábẹ́ máńgòrò l'Ọ́mù-Àrán.
Táyà rẹ̀ ti jókòó pẹ̀tẹ̀.
Adìẹ Ìyá Dọ́káàsì ti sọ àga ẹ̀yìn di ilé ìgbẹ̀bí.
Ọmọkùnrin mẹ́fà ló tì í gorí pákó,
ó ké bí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò retí pé ó tún lè ṣí.
Ìyá mi fi etí ìró nu gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa ń jókòó sí,
ó wá gun píkọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ mi.
"Má sáré," ó ní.
Ohun tó máa ń sọ fún Bàbá náà nìyẹn. Bàbá kì í gbọ́.

Mo ṣáà ń wo dígí.
Nínú dígí, Dátọ́ọ̀nù ń bọ̀ lẹ́yìn,
iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ranjú mọ́ mi
bíi ti ọjọ́ tí mo sá nílé ìwé, tí Bàbá rọra ń wakọ̀ tẹ̀lé mi,
tí kò fọn fèrè, tí kò pè mí,
títí mo fi délé fúnra mi.
Bí mo bá kó sí kòtò, tí mo jáde,
òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i, gbì-gbà:
kòtò kan, ìyà méjì.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Òrò, mo tẹ bíréèkì.
Ọkọ̀ fẹ́ dúró, ẹrù ò fẹ́.
Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fì,
bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀.
Ohun tí mo rò pé mo ń fà ló ń tì mí lọ.
Ìyá mi di bẹ́líìtì mú, ó pe Olúwa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun gbogbo.
Ó fì, ó fì,
ó rò ó,
ó sinmi.

L'Ájàṣẹ́-Ìpo, onítípà kan wò wá, ó pòṣé.
"Ìdí ló wúwo ju orí. Ẹ tì í síwájú.
Bí orí bá wúwo, á tẹ̀lé ẹ;
bó bá jẹ́ ìdí, ìwọ lo máa tẹ̀lé e."
Ó bá wa tì í, ó fún okùn le, kò gba kọ́bọ̀.
"Ṣé títà ni?"
"Rárá," Ìyá mi ní, kí n tó lanu.

N kò tíì sọ fún un pé àwọn onírin àlòkù
ń dúró dè wá ní Gánmọ̀.
Pé mo ti gba ìdajì owó.

A kọjá Ìdọ̀fìàn. Ó ti sùn.
Ní Gánmọ̀ mo rí géètì wọn, tóóró, lẹ́yìn kòtò ojú àgbàrá.
N kò mọ rìfáàsì; bí mo bá wọlé, báwo ni mo ṣe máa jáde?
Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. N kò yà.

Fóònù dún: Ìyá Dọ́káàsì ni.
"Adìẹ mi ńkọ́?"

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí ẹyin mẹ́rin,
ojú rẹ̀ le, kò tilẹ̀ wò wá.
Wọ́n ti kírun ìṣáì tán. Súbérù gba owó ọjọ́ kejì.
Ó ní níbo gan-an ni mo ń gbé e lọ?
Mo ní n kò tíì mọ̀,
kó ṣáà bá mi rìfáàsì rẹ̀ wọ ọgbà,
kó rọra, èèyàn ń sùn níwájú.