Bí O Bá Ń Lọ sí Sighnaghi

Ilze, o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa, o ní Sátidé àti Sọ́ńdè péré lo ní,
o ní kí n sọ ibi tí ènìyàn lè lọ tí kò ní jẹ owó ilé.
Gbọ́. Má lọ sí etíkun; gbogbo Tbilisi ló ti wà níbẹ̀,
wọ́n tẹ́ ara wọn sórí òkúta bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn.

Wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ ní Samgori.
Jókòó sí ọwọ́ òsì. Awakọ̀ á ní ọwọ́ ọ̀tún ló dára,
má dá a lóhùn, àpò ọ̀dùnkún rẹ̀ ló fẹ́ kó sí òsì.
Lẹ́yìn wákàtí méjì, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀ lójijì,
àfonífojì Alazani á tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ,
òkè oníyìnyín á sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán
bí ẹni tó wá gba gbèsè tí kò fẹ́ kanlẹ̀kùn.

Sùn sílé Mzevinar, ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn odi ìlú.
Ibùsùn rẹ̀ ń ké, ṣùgbọ́n búrẹ́dì àárọ̀ rẹ̀,
mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí búrẹ́dì àárọ̀ rẹ̀.
Bí ó bá bi ọ́ pé ṣé o ti lọ́kọ, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní ọmọkùnrin kan.

Oúnjẹ ọ̀sán: ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí kò sí àkọlé.
Badri ló ń dáná, inú sì máa ń bí i.
Béèrè hinkali mẹ́jọ, ìyẹ̀fun tí wọ́n wé mọ́ ẹran.
Fi ọwọ́ mú un ní ìdodo,
dá ihò kékeré sí i lára, fa omi rẹ̀ mu kí o tó jẹran.
Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀kì gún un, àwo ló fún lọ́bẹ̀ mu.
Má jẹ ìdodo. Tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo:
òun ni Badri máa kà nígbà tó bá ń ṣírò owó,
òun náà ló máa fi mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín sí ọ.

Tíátà wà nínú ilé tí wọ́n ti ń fún èso àjàrà tẹ́lẹ̀.
Àga mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan ti kán.
Mú kóòtù dání, ògiri ibẹ̀ ò gbàgbé òtútù.
Àgbàlagbà kan, Otia, ló ń ṣe ọba.
Ó máa gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìran kejì,
ọdún méje nìyí tó ti ń gbàgbé e,
àwọn ará ìlú á sì sọ ọ́ fún un, jẹ́jẹ́,
láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn,
bí ìgbà tí wọ́n ń na ọwọ́ sí ẹni tó ń sọdá odò.
Mo ti wo eré ńláńlá ní olú ìlú, pẹ̀lú iná oríṣiríṣi.
Èyí nìkan ló pa mí lẹ́kún.

Ní Sọ́ńdè, bí àsìkò bá wà
(àsìkò máa wà, bọ́ọ̀sì kì í tètè lọ),
ya sí ọ̀nà tóóró lẹ́yìn ilé agogo.
Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe yẹtí:
fàdákà tín-ín-rín, tó ń yọ́ dígí sí lára nínú iná,
àwọ̀ aró, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ewé àjàrà lẹ́yìn òjò.
Kò ní ẹ̀rọ. Ọwọ́ ló fi ń ṣe é, owó ò sì lè lé ọwọ́ náà sáré.
Àwọn míì ń ta ohun tó ń dán; tirẹ̀ ni yẹtí tó yẹ etí.
Má bá a dúnàádúrà.
Má sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Imú rẹ̀ á jọ tèmi lójú rẹ. Má wí nǹkan kan.

Yẹtí kan ṣoṣo ló wà nínú àpòòwé kékeré yìí, aláwọ̀ aró.
Èkejì sọnù lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá,
nígbà tí ariwo ta ló ni ọgbà àjàrà ń lọ lọ́wọ́.
Sọ pé ti ọ̀rẹ́ kan ni. Béèrè bóyá ó lè ṣe ìkejì rẹ̀.
Àgbà ní etí mẹ́ta ò yẹ orí;
ọdún mẹ́sàn-án nìyí, mo ti rí i pé ẹyọ kan náà ò yẹ ẹ́.
Bí ó bá ní rárá, ra èyí tó wù ọ́, kí o wọkọ̀.
Bí ó bá dákẹ́, dúró.
Ó máa ń pẹ́ kí iná rẹ̀ tó ràn.

Má gbàgbé: nígbà tí o bá ń bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni kí o jókòó sí.