Òrùka Aládùúgbò

Aago méjì òru, ní yàrá àyẹ̀wò ní Ṣágámù,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, iná ń ṣẹ́jú,
mo tẹ ojú mọ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá
lórí ìgbẹ́ Mosèbọ́látán, ọmọ ọdún méjì,
tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá láti Mákùn,
tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú bíi kànga ọ̀gbẹlẹ̀.

Mo mọ kòkòrò yìí.
Ayálégbé ni nínú ìfun gbogbo wa,
kì í pariwo, kì í jẹ gbèsè,
ó ti bá ìyá ìyá mi gbé kó tó bá mi gbé.
Ta ló wá kọ́ ọ ní oró?

Àgbà ní ọmọ tí ò bá jọ ṣòkòtò
á jọ kíjìpá.
Èyí ò jọ baba, kò jọ ìyá.
Aládùúgbò ló jọ.
Àjèjì kan ló kọjá lára rẹ̀ nínú omi,
ó na ìka tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn,
ó kàn án,
ó fún un ní òrùka.

Okùn bíńtín ni, tó so orí ara rẹ̀ mọ́ ìdí,
bí a ti ń po májèlé wà lára rẹ̀ létòlétò.

Obì ni bàbá mi tà ní Sábó.
Ó ní ẹrù tó bá bọ́ sí ọwọ́ kejì,
dandan ni kí ọwọ́ àkọ́kọ́ ṣófo.
Ọjà tí wọ́n ń ná nínú ìfun ọmọ yìí,
kò sí ọwọ́ tó ń ṣófo níbẹ̀:
bí ìgbà tí ọmọdé wá bu iná lọ́dọ̀ rẹ,
tìrẹ ń jó, tirẹ̀ ń jó,
títí gbogbo agbo ilé fi ń rú èéfín.

"Níbo ló ti kó o?"
Ìyá rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ike omi lábíyá.
Kànga ilé Ọ̀nàfowókàn
kò jìnnà sí ṣáláńgá ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ.
Mo sọ ìyẹn. Mo sọ ti iyọ̀ àti ṣúgà.
Òrùka, n ò sọ ọ́.
Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kẹta ọmọ tọrọ gààrí.
Mo yọjú sí wọ́ọ̀dù,
ó di ìka mi mú, ó ń fa òrùka ìgbéyàwó mi.
Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ẹ bùn ún, dókítà."
Èmi kì í ṣe dókítà.
Mo rọra yọ ọwọ́,
mo lọ sídìí omi, mo mú ọṣẹ,
mo ń fọ̀ ọ́, mo ń fọ̀ ọ́.