Fèrèsé Tí Mo Gbé Lọ sí Pópó Àgùdà

Mo fi ìwé ìròyìn àná wé e,
mo fi okùn bàtà ọmọ mi dì í,
mo gbé e sí abíyá bí ẹni gbé adìyẹ aláìsàn,
mo fẹsẹ̀ rin afárá Kátà láti Ìdó.
Ọ̀sà ń dán nísàlẹ̀ bíi páànù tuntun.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mo gbé.
L'Ékòó, ẹrù oníkálukú ló ń wúwo fún un.

Wọ́n ní kí n béèrè Bàbá Firimínò agbẹ́gi,
ọmọ ọmọ àwọn tó ti Bàhíà dé,
tó gbé ayùn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó rántí àpótí aṣọ.
Mo béèrè ní Bámgbóṣé. Ọmọkùnrin kan ní,
"Agbẹ́gi? Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kùn Ṣáínà?"
Mo béèrè ní Káḿpọ́ọ̀sì. Ìyá kan fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe:
"Máa tọ òórùn gọ́ọ̀mù lọ.
Tó bá di òórùn igi, o ti dé."

Bẹ́ẹ̀ ló rí.
Románá ọmọ rẹ̀ ń ta ìbòrí fóònù níwájú,
gbogbo àwọ̀ tí òṣùmàrè ò ní.
Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan: bí mo bá na apá mi méjèèjì,
ògiri ni mo máa kàn.
Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kù nìyẹn.
Bàbá jókòó, ó ń pọ́n eyín ayùn lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé.

Kò wojú mi. Igi ló gbà.
Ó tú okùn, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó fi ahọ́n kàn án díẹ̀, bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò.
"Apá ni. Apá kòkòrò ò ká apá."
Ó wá yí i padà. Lẹ́yìn pátákó, níbi tí ọ̀dà ò dé,
tí èmi náà ò wò rí láti kékeré,
ẹyẹ kan wà, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ,
ẹlẹ́sẹ̀ kan.
Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo gbẹ́ ẹ.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọ̀gá pè mí lọ jẹun
kí n tó dé ẹsẹ̀ kejì.

Ilé náà ńkọ́?"

Ilé náà.
Ilé ìyá ìyá mi, tí wọ́n tà lẹ́yìn ẹjọ́ ọdún mọ́kànlá,
tí katakata wó lulẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan
kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí wá sunkún.
Lébìrà kan ló ta ìdajì fèrèsé yìí fún mi,
ó rò pé mo fẹ́ fi dáná ni.
"Ó wà níbẹ̀," mo wí.
Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu mi bí eyín.

Bàbá mirí. Pópó Àgùdà ò tóbi;
ariwo ilé tó wó kì í ṣìnà níbẹ̀.
Ó fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, ó wọn ibi tó kán.
"Padà wá lỌ́jọ́rú, lẹ́yìn Mísà."

Mo padà. Ìdajì tuntun mọ́
bí ara ọmọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara àgbà.
Mo yí i padà kí n tó béèrè iye rẹ̀:
ẹsẹ̀ méjì.
"Gbèsè ni mo san," ó ní. "Máa lọ."
Románá ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ta ìbòrí fóònù kan fún mi,
àwọ̀ osàn, kò dín kọ́bọ̀.

Ó ti wà lára ògiri yàrá mi ní Ṣómólú báyìí.
Tí mo bá ṣí i, síméńtì ni.
Lálẹ́ àná tí iná lọ,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́ yàrá kejì bá mi níwájú rẹ̀.
"Kí lo ń wò?"
Mo ní síméńtì.
Ó dúró díẹ̀,
ó ní kí n sún fún òun.