Òjìji Tí Mo Pa Rẹ́

"Fíìmù kan, ojú méjìlá."
Kí Ọ̀gá Ṣónúbi tó dá mi lóhùn ẹ kú àárọ̀,
ohun tó máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn,
nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró tó kọjú sí ọ̀nà Mákun, ní Ṣágámù,
bí ẹni ń ka gbèsè fún ọmọ tí kò tíì jẹ ẹ́.

Kì í yára.
Á wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ìka rẹ̀ tó sún mọ́ ibi títẹ̀:
"Ta ló ni garawa yẹn? Gbé e.
Ìwọ, gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Fi ọwọ́ bo bọ́tìnnì tó já.
Ẹ dúró. Ìkùukùu yẹn ń kọjá lọ."
A ó sì dúró.
Mo rí i tó dúró de ìkùukùu kan
títí ìyá tó wá yàwòrán fi sùn lọ lórí àga.
Ó ní ká má jí i.
Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, ó yà á bó ṣe sùn.
Ó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wọn ní Ìpẹ́rù dòní.

Èmi ní kọ̀ǹpútà.
Mi ò ní purọ́, kò tì mí lójú,
òun ló ń san owó iléèwé ọmọ mi.
Mo lè yọ irorẹ́ lójú ìyàwó kí tíì rẹ̀ tó tutù.
Mo ti gbé òṣùpá sẹ́yìn ẹni tí kò jáde lálẹ́.
Mo ti la ojú fún ọmọ tó dijú:
ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo yá, kò sẹ́ni tó mọ̀.
Ọ̀gá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ń wo ọwọ́ mi.
"Bí o bá yà á dáadáa, kò ní ya
tí o ó fi máa rán an."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ra míńírà fún un.

Ọjọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́, wọ́n pè mí sílé Òkúbánjọ, l'Óde Rẹ́mọ:
ìyá, ọmọ márùn-ún, ẹní tuntun nílẹ̀,
apẹ̀rẹ̀ obì tí wọ́n fi ewé bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.
Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn mi.
Mo yà á wéré wéré, ogójì ìgbà, mi ò wo igun kankan.
Nígbà tí mo délé ni mo rí òjìji
tó nà gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ títí dé itan àbíkẹ́yìn:
orí, èjìká méjì, fìlà tó tẹ̀ sí apá kan.
Mo rò pé tèmi ni.
Èmi tí kì í dé fìlà.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ti pa á rẹ́,
ẹní mọ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀ rí.
Mo da ojúlówó nù pẹ̀lú, kí àyè lè wà.

Lọ́dún kejì, ìyá náà wọlé.
Ó ń fi ọwọ́ ra ojú àwòrán, ọwọ́ tó pọ́n fún omi obì.
"Bàbá wọn dúró lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ yẹn.
Wọ́n ní aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn àwọn, káwọn má bà á jẹ́.
Mo rí òjìji wọn lẹ́sẹ̀ wa nígbà tí o fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ hàn mí.
Wọn ò yàwòrán mìíràn kí wọ́n tó lọ.
Ibo ló wà?"
Kò pariwo.
Mo wá a nínú kọ̀ǹpútà, mo wá a dé ààtàn rẹ̀.
Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní, "Ẹ fi òmíràn síbẹ̀,
ṣebí òjìji lásán ni?"
Mo lè ṣe é. Dúdú díẹ̀, fìlà díẹ̀.
Ọwọ́ mi kọ̀.

Mo gba Mákun lọ. Ojú ọ̀gá ti ń ṣú báyìí.
Mo ń retí èébú.
Ó ní, "Èmi náà ò ní jẹ́ kí òjìji yẹn wọ fíìmù mi."
Ó bó ẹ̀pà kan, ó bó èkejì.
"Ṣùgbọ́n ǹ bá ti bojú wẹ̀yìn.
Ǹ bá ní: Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni òjìji yìí?
Ẹ wọ àárín wọn.
Ẹ gbé aṣọ iṣẹ́ yẹn wá bẹ́ẹ̀."

Bí mo ṣe ń jáde, mo kọsẹ̀ lára garawa
tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.