Yàrá Ẹ̀yìn Láíbìrì

Wàrà méjìlélógójì ni mo rà,
láti Gáà Àkànbí títí dé Àjàṣẹ́,
n kò fi ẹyọ kan kan ẹnu.
Inú ike kékeré ni mo kó wọn sí, mo lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lára,
mo fi yìnyín yí wọn ká.
Kòkòrò àìfojúrí inú wàrà ni mò ń wá:
èwo ló ń jẹ́ kó kan,
èwo ló ń jẹ́ kí inú run ọmọ.

Oṣù mẹ́ta kọjá, èsì dé láti òkè òkun
nínú nǹkan kan tí kò tó páálí ìṣáná.
Mo kì í bọ kọ̀ǹpútà.
Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G, T,
wọ́n tò ní sàáfù-sàáfù bí èrò Yídì,
kò sí lèmọ́mù níwájú.
Kọ̀ǹpútà mi mí hẹlẹhẹlẹ, ó dákú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àdùbí ní, "Àwọn kan wà nínú ọgbà yìí tó mọ̀ ọ́n ṣe,"
ó sì padà sídìí tíì rẹ̀.
Ọgbà yìí! Ọgbà tí takisí ń ná láti àárọ̀ dalẹ́,
tó ní adágún omi tirẹ̀, tó ní oko tirẹ̀!
"Àwọn kan" kì í ṣe àdírẹ́sì.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Mo béèrè, mo ṣìnà.
Àwọn oníkọ̀ǹpútà ní, "Ọ̀rọ̀ ohun ẹlẹ́mìí nìyí."
Àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní, "Ìṣirò ni."
Àwọn oníṣirò wo ojú mi, wọ́n wo aago:
"Padà wá lọ́jọ́ Ajé."
Ajé bọ́ sí ìsinmi ìjọba.
Lára pátákó ìkéde, ìwé kan ti pọ́n bí ewé ọyẹ́:
"Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí . . ."
Ìkán ti jẹ ìyókù.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn,
ọyẹ́ ti la ètè mi.
Bàbá Búráímọ̀ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ dúró tì mí.
"Ọmọ mi, kí ló sọnù?"
Ibo ni n bá ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní,
"Bàbá, ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò lè kà."
Ó họ irùngbọ̀n.
"Àwọn kan wà lẹ́yìn láíbìrì
tí kì í jẹ́ kí n pa iná lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Bí mo bá ní aago mẹ́jọ ti lù,
wọ́n á ní, 'Bàbá, ó ku díẹ̀, ó ṣì ń rò ó.'
Ta ló ń rò ó? Ẹ̀pà ni gbogbo wọn ń jẹ!
Lẹ́tà á kàn máa sáré lójú dúdú kan bí ìjàlọ.
Wò ó bóyá irú tìrẹ nìyẹn."

Ilẹ̀kùn náà kò ní orúkọ.
(Wọ́n ti tọrọ pátákó lọ́dún kejì sẹ́yìn,
fáìlì rẹ̀ ṣì wà lọ́nà.)
Ènìyàn méje, kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀pà ìgò kan.
Mùfútàù wá láti ilé ìwòsàn, ibà ni tirẹ̀.
Mojírádé ará Òró, ọkà bàbà.
Kò sí ọ̀gá: ẹni tó mọ̀ ọ́n lánàá
ló ń kọ́ ẹni tó wọlé lónìí.

Mo na àpótí mi sí wọn, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe é."
Mojírádé fi ẹsẹ̀ ti àga sọ́dọ̀ mi.
"A ò ní bá ọ ṣe é. Jókòó. Tẹ̀ ẹ́."
Mo tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe.
Mo tún un tẹ̀. Àṣìṣe.
"Àmì kan ló jábọ́," ni Mùfútàù wí, ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀.
Àmì tí kò tó ojú èèrà!
Ohun tó ti ń lé mi kiri láti oṣù Ọ̀wàrà.

Nígbà tó yá, nọ́ńbà kẹtàdínlógún,
wàrà Hàwáù tó ń kiri ní ìdí ọkọ̀ Àjàṣẹ́,
la ẹnu, ó sì dárúkọ ohun tó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.
"Aago mẹ́jọ ti lù o!"
Mo gbọ́ ohùn ara mi:
"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀."

Ó ku mọ́kànlélógójì.