Àpò Ìtọ̀

Ní Tọ́msìkì, yìnyín ti bo fèrèsé,
odò Tọ́mù ti dì, ọkọ̀ ẹrù ń gba orí rẹ̀ kọjá.
Èmi Gúlífíà jókòó ti ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ ọkàn,
ojú mi lára rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà.

Ínókẹ́ńtì apẹja ló dùbúlẹ̀.
Ìlẹ̀kùn kan nínú ọkàn rẹ̀ ò ṣeé pa dé mọ́.
Wọ́n dá ọkàn náà dúró.
Láti ìṣẹ́jú yẹn, èmi ni mò ń mí fún un.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n kò mọ jẹ́jẹ́.
Ó ń yí, ó ń tẹ̀, ó ń fún,
sẹ́ẹ̀lì pupa ń bẹ́ bí ẹyin ẹja lábẹ́ bàtà.
Ohun tí ń gbé èémí kiri nígbà tó wà nílé,
bó bá ti tú síta, ó di wọ̀bìà:
gáàsì kékeré tí ń sọ fún iṣan pé "fẹ̀, jẹ́ kó kọjá",
òun ló ń gbé mì káló.
Iṣan á fún pọ̀. Kíndìnrín á ké,
kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Mo ti rí i rí.
Obìnrin olùkọ́ kan láti Kọ́lípáṣẹfò,
ọkàn rẹ̀ dáa, àpá rẹ̀ jinná,
ṣùgbọ́n ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tó sùn mọ́jú,
lẹ́yìn náà kò tọ̀ mọ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn báyìí.
Ó fi káàdì ọdún tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ó dúpẹ́.
Ọpẹ́ náà ò jẹ́ kí n sùn.

Nítorí náà lónìí, mo dẹ ọwọ́ ẹ̀rọ.
Mo bu gáàsì náà sínú afẹ́fẹ́ tí mò ń fún ẹ̀jẹ̀,
ìwọ̀n iyọ̀ tó lè dúró lórí èékánná,
kí wọ̀bìà rí i jẹ, kó fi ti kíndìnrín sílẹ̀.
"Ṣé ó dájú?" Rústẹ́mù tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló béèrè.
Mi ò purọ́ fún un. Mo ní, "À ń wò ó."
Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yí, ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́.

Ní aago mẹ́wàá, ọkàn dáhùn:
ó sọ kì, ó dákẹ́, ó tún sọ.
Wọ́n yọ̀, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́.
Èmi bẹ̀rẹ̀, mo tẹjú mọ́ àpò tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Aago mẹ́ta òru.
Ẹ̀kán kan.
Òmíràn.
Àwọ̀ oyin, kò pupa.
Mo jí Rústẹ́mù kó wá wò ó,
bí ẹni tí ń pe ará ilé wá wo ọmọ tuntun.