Sí Ère Oníke Tó Wà ní Yàrá Kẹta

Ìwọ tí o nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí ilé-ìwé wa ní,
ọwọ́ òsì rẹ ti já láti èṣín,
téèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká.
Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n dọ́là,
yàtọ̀ sí owó aṣọ, yàtọ̀ sí owó ìwé,
àti owó kan tí wọ́n pè ní owó ẹ̀rọ,
tí mi ò tíì fojú rí ẹ̀rọ ọ̀hún títí dòní.

Òkè ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
ní Pawtucket, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà.
Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ti ń yí nísàlẹ̀,
ìwọ náà á máa gbọ̀n bí ẹni ibà mú,
Widlène á ní, “Ẹ wò ó, aláìsàn wa ti ń jí!”
A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti sanwó
kì í pẹ́ lẹ́nu.

Olùkọ́ àkọ́kọ́ lọ kí yìnyín tó bọ́.
Èkejì kọ́ wa ní egungun títí dé orúnkún;
láti orúnkún lọ sílẹ̀, a ò mọ nǹkan kan.
Ẹ̀kẹta ń kàwé sí wa létí bí ẹni ń ka orúkọ òkú.
Kebbeh bi í pé báwo la ṣe ń mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan.
Ó ní, “Ó wà lójú ìwé igba ó lé mẹ́rin.”
A ṣí i. Àwòrán etí la bá níbẹ̀.

Wọ́n ní a ó lọ sí ọsibítù. A lọ aṣọ.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ọjọ́ tó máa dé, ilé ìtọ́jú ọmọdé ni wọ́n kó wa lọ,
a jókòó, a ń to ìṣeré ọmọ sínú àpótí,
wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí mẹ́jọ.

Mo ti yí ọ sọ́tùn-ún, mo ti yí ọ sósì,
mo ti fi abẹ́rẹ́ gún ihò kan náà
tí ọgọ́ta ọwọ́ ti gún ṣáájú mi.
Mo sì ń wí fún ọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, kò ní dùn yín,”
nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn,
ẹni tó bá dùbúlẹ̀, à ń kí i ni.

Lóru, níbi iṣẹ́, mo ń wẹ Ìyáàfin Costigan,
arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ rí.
Ó fa ìka mi méjì lé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀:
“Má fi àtàǹpàkò. Tìrẹ lo máa kà.”
Ìṣẹ́jú kan. Ọ̀fẹ́.
Mo sunkún dé ibùdó bọ́ọ̀sì.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní ká ṣe sùúrù.
Sùúrù tó ń se òkúta jinná,
ta ló ń sanwó gáàsì rẹ̀?

Lánàá a kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó fún wọn níwèé àṣẹ.
Mọ́kàndínlógún ni wá; mọ́kànlá fọwọ́ sí i.
Kebbeh ò fọwọ́ sí i. Ó ń wo bàtà rẹ̀.
Ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ orúkọ ilé-ìwé yìí
bí ewúrẹ́ ṣe so mọ́ èèkàn. Mi ò bá a jà.
Èmi náà gbé bírò, mo sọ ọ́ kalẹ̀,
mo rántí owó tí ẹ̀gbọ́n mi Adéṣewà yá ní báńkì,
mo tún gbé e.

Lónìí, kí n tó máa lọ,
mo gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ tó kù.
Mi ò fi àtàǹpàkò. Mo wo aago.
Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ dákẹ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: kò sí.
Mo wá fa aṣọ bò ọ́ dé àyà,
torí wọn kì í tan ẹ̀rọ amúlégbóná níbí lọ́jọ́ Ẹtì.